Omi Lọ, Iyọ̀ Kù: Sátidé Kan ní Ìrèé

Sátidé kejì nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú ilé wa ní Ìrèé. Mo máa ń kọ aago àti ohun tí mo bá rí lára ẹja mi sínú ìwé kékeré kan, ìwé náà ló sì wà níwájú mi yìí. Mo fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìdájí títí di alẹ́, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe ohun tí mo ṣe sí àwọn ẹja náà.

Aago 5:30 ìdájí

Iná ti lọ láti òru. Àìsí iná yẹn ló jí mi, nítorí ìró ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táńkì ẹja ti di ara oorun mi. Bó bá ti dákẹ́, ojú mi á là. Wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, ọyẹ́ sì mú débi pé sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ pálọ̀ ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táńkì náà.

Gíláàsì ni táńkì ọ̀hún, lítà 120 ló ń gbà bó bá kún. Ẹja 15 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo lọ sùn. 7 nínú wọn jẹ́ mólì, dúdú bí èédú láti orí dé ìrù. Ìran wọn ti Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó múlé gbè é wá. 2 jẹ́ kribensis, akọ kan, abo kan. Ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn yẹn, inú odò gúúsù Nàìjíríà títí dé ẹ̀bá òkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ń gbé. Abo wọn ló lẹ́wà ju akọ lọ: bó bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí obì, á máa gbọ̀n rìrì níwájú ọkọ rẹ̀ títí ọkọ á fi tẹ̀ lé e wọ abẹ́ àpáàdì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wọn. George Albert Boulenger, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹja yìí sínú ìwé àwọn onímọ̀, ní 1901. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí arẹwà ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn 6 tó kù ni mo fẹ́ràn jù. Olójú pupa ni mo ń pè wọ́n. Ẹja gbọọrọ bí ìka ọwọ́ ni, ìpẹ́ wọn tóbi, ó sì ń kọ mànà bí idẹ bí oòrùn bá bà á, orí ẹyinjú wọn sì pọ́n. Boulenger yìí kan náà ló ṣàpèjúwe wọn ní 1909. Arnoldichthys ni orúkọ wọn nínú ìwé, wọ́n fi rántí Johann Paul Arnold, ará Jámánì tó ń sin ẹja. Odò Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé pé bí ẹja yìí bá run nílẹ̀ wa, ó run láyé nìyẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú olójú pupa ti dùbúlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ti kú. Àwọn 5 tó kù sá jọ sí igun kan lókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn kribensis ò jáde lábẹ́ àpáàdì. Ewéko omi tí mo gbìn ti di jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ jù.

Aago 6:10

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni òtútù. Mo wo tẹmómítà ara gíláàsì: 22. Òtútù ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti tó 21 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹja ò sì kú. Mo fi bátìrì gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dìde. Kò yí nǹkan kan padà.

Ohun kejì tó wá sí mi lọ́kàn ni àrùn àmì funfun. Ó ti bá wa jà rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ dé, ara kribensis kún fún àmì funfun wínníwínní, bí ẹni bu gààrí lé wọn lára. Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí dáadáa ló ń fà á. Á wọ abẹ́ awọ ẹja, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, oògùn kankan ò sì lè tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ awọ. Bó bá yó tán, á já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ náà á sì máa wẹ̀ kiri láti wá ẹja mìíràn wọ̀. Àkókò ìwẹ̀kiri yẹn ni iyọ̀ lè pa wọ́n. Èèmọ́ ni wọ́n nínú omi ẹja, àmọ́ ara wọn fẹ́lẹ́, iyọ̀ díẹ̀ á fa omi ara wọn jáde. Mo wọn iyọ̀ gíráàmù 240 sínú omi lítà 120 nígbà náà, ìyẹn gíráàmù 2 fún lítà kan. Mo pín in sí méjì, mo fi ìdajì sí i lálẹ́, ìdajì lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara ẹja ti mọ́. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn, mo rò pé mo ti di oníṣègùn ẹja.

Nítorí náà, ní aago 6:10 yẹn, mo lọ gbé ọ̀rá iyọ̀ náà. Kílò kan ni mo rà, tí mo yà sọ́tọ̀ fún ẹja nìkan. Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ti bu ìkúnwọ́, nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀.

“Dádì, kí ló dé tí àwọn dúdú yìí ò ṣàìsàn?”

Mo wò wọ́n. Àwọn mólì 7 ń jà sí oúnjẹ àná, wọ́n ń lé ara wọn kiri, ìrù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí àrùn ni, kí ló dé tó fi fo wọ́n? Bí òtútù ni, ará ilẹ̀ olóoru ni mólì náà. Mo da iyọ̀ padà sínú ọ̀rá. Ìbéèrè ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ló gba ẹja 13 là lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago 7:00

Mo pe bàbá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú kòtò tapólì lẹ́yìn ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Àdá. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Aláàrọ̀, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọyẹ́.”

“Tíṣà! Ṣé kò sí o? Aago méje Sátidé!”

Mo rò fún un. Kò dá mi lóhùn títí mo fi parí. Ó wá bi mí léèrè kan ṣoṣo: “Omi tó ń gbẹ nínú rẹ̀, kí lo fi ń dí i?”

Mo ní omi kànga ni.

“Omi kànga nìkan?”

Mo sọ fún un pé ọkùnrin tó ta ẹja fún mi ní kí n máa bu ìkúnwọ́ iyọ̀ kan sí i nígbàkigbà tí mo bá fi omi kún un, kí àrùn má baà padà. Bàbá mí kanlẹ̀. “Má fi ohunkóhun sí i mọ́. Mò ń bọ̀.”

Aago 8:20

Bàbá wọlé, ó dé fìlà bo etí. Kò wo ẹja rárá. Ó wo ara gíláàsì. Láti ibi tí omi dé títí dé etí táńkì, bí ìbú ìka mẹ́rin, nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ gíláàsì, ó gùn ún lọ́tùn-ún lósì. Ó wà lábẹ́ ìdérí, ó wà lára rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, níbi tí omi ti ń ta sí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ni.

Bàbá fi èékánná họ ọ́, ó fi sórí ahọ́n rẹ̀, ó ní kí èmi náà họ ọ́. Mo họ ọ́. Iyọ̀ ni, iyọ̀ gidi, bí ẹni lá etí ìkòkò ọbẹ̀.

“Ìbú ìka mẹ́rin yìí,” ó ní, “omi ló wà níbẹ̀ rí. Ọyẹ́ ti gbé e lọ. Ṣé o rí iyọ̀ tó fò lọ?”

Gbogbo ẹ̀bi náà kò ju ìyẹn lọ. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé aṣọ tí a sá ní àárọ̀ ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán. Bó ṣe ń fa omi lára aṣọ ló ń fa omi táńkì. Omi nìkan ló ń bá a lọ, gbogbo iyọ̀ tí mo fi síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ló ṣì wà níbẹ̀. Èmi wá ń fi tuntun lé àtijọ́ bí ẹni ń dá èésú. Ìyàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń kó èésú yìí.

Ọkùnrin tó ta ẹja fún mi kò purọ́ pé iyọ̀ dára. Ohun tí kò sọ, tí èmi náà kò bi í, ni bí a ṣe ń yọ ọ́.

Aago 9:00 sí 10:20

Mo fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó. Nílùú ńlá, ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń tì bọ omi tó máa sọ iye iyọ̀ inú rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bàbá ní kò le, kí n gbé ìkòkò wá.

A mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí a ti mu, sẹ̀ǹtílítà 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi wọn omi táńkì lítà kan sínú ìkòkò pẹrẹsẹ kékeré kan. A wọn omi kànga lítà kan sínú èkejì tó bá a dọ́gba. Kí a tó gbé wọn kaná, mo sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìta kejì, mo yá òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn ìwúkàrà. Ìkòkò àkọ́kọ́ wúwo gíráàmù 312 lófìfo.

Ó lé ní ìṣẹ́jú ogójì kí omi tó lọ tán. Bó ṣe kù díẹ̀, a rẹ iná sílẹ̀ kí ó má baà máa ta. Àwọn ọmọ ti yí wa ká. Omi táńkì kọ́kọ́ dà bí omi ẹ̀kọ, ó wá ń gbẹ láti etí wá sí àárín, funfun ń hó nídìí rẹ̀, ó ń dún ṣíríṣírí, títí tí gbogbo ìdí ìkòkò fi di eléèépá funfun. Omi kànga gbẹ, kò kù ju àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lọ, bí èyí tó máa ń wà nídìí kẹ́tùlù.

Nígbà tó tutù, a gbé ìkòkò àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n. 321. Ti omi kànga kò kúrò níbi tó wà.

Gíráàmù 9 nínú lítà kan! Ìgbà mẹ́rin ààbọ̀ ohun tí mo rò pé mo fi sí i. Mo bu ìkúnwọ́ iyọ̀ kan, mo wọ̀n ọ́n: 108. Ìgbà 6 ni mo ti bu irú rẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, ó wà nínú ìwé mi. 648 nìyẹn, pẹ̀lú 240 àkọ́kọ́: 888. Omi tó kù nínú táńkì kò ju nǹkan bí lítà 100 lọ. Ìṣirò bá ìkòkò mu. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ọdún mọ́kàndínlógún, n kò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún ro ìyẹn láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Kí ni gíráàmù 9 jẹ́? Omi òkun ní nǹkan bí 35. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára ní ilé ìwòsàn, 9 gééré ni, nítorí pé ó bá ẹ̀jẹ̀ wa dọ́gba. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja odò kò jìnnà sí i. Ìgbà gbogbo ni ara ẹja odò fi ní iyọ̀ ju omi tó yí i ká lọ. Omi a sì máa gba awọ àti ibi ìmí rẹ̀ wọlé sí i lára tọ̀sán-tòru. Nítorí náà kì í mu omi, títọ̀ ló ń tọ̀ ọ́ dànù láìsinmi, ó sì ń fi ibi ìmí rẹ̀ ṣa iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ inú omi padà. Iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí iyọ̀ díẹ̀ fi ń ran ẹja tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ náà nìyẹn: iṣẹ́ náà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á fi agbára tó kù bá àrùn jà. Àwọn aláàrọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ ẹja rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n á bu iyọ̀ díẹ̀ sómi kí ó má baà rẹ̀ wọ́n jù. Iyọ̀ díẹ̀ tún ń dí ọ̀nà mọ́ májèlé kan tó máa ń wà nínú omi táńkì tuntun, nítíráìtì, kí ó má baà gba ibi ìmí wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja.

Tí omi ìta bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bí i mọ́ dàrú. Mólì lè fara da ìyẹn, nítorí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Mẹ́síkò ń gbé inú odò, wọ́n ń gbé inú ọ̀sà, wọ́n tiẹ̀ ń gbé etí òkun. Kribensis rí i rí, nítorí inú àwọn ìran rẹ̀ la ti rí àwọn tó ń gbé níbi tí omi ti ní iyọ̀ díẹ̀. Olójú pupa kò mọ̀ ọ́n rárá. Omi tó rọ̀, tó mọ́, tó ń ṣàn ni tirẹ̀. Àwọn ewéko ló kọ́kọ́ sọ fún mi, mo pè é ní òtútù.

Aago 10:40

Ojú ń kán mi. Mo ní kí n da gbogbo omi nù kí n pọn tuntun sí i. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

“Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lo fi kó o síbẹ̀. O fẹ́ kó o kúrò ní ìṣẹ́jú márùn-ún?”

Ara àwọn ẹja náà ti bá iyọ̀ yẹn dọ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó lè bá a dé. Bí omi lásán bá yí wọn ká lójijì, omi á ya wọ inú wọn, wọ́n á wú. Ìyára ló ń pa ẹja ju iye lọ. N kò tíì gbàgbé gbólóhùn náà.

A rán ọmọ lọ ra rọ́bà dírípù ní ilé oògùn. A gbé korobá omi kànga lítà 20 sórí àga, a fi òkúta kékeré mú orí rọ́bà náà dúró nísàlẹ̀ korobá, mo fi ẹnu fa á, mo sì fi kókó tí wọ́n fi ń dẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwòsàn dẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń ṣàn tín-ín-rín. Wákàtí méjì ni a fẹ́ kí ó fi kún ìbú ìka mẹ́rin náà. Bó bá kún tán láìjẹ́ pé a yọ nǹkan kan, iyọ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ láti 9 sí 7 ààbọ̀.

Bàbá lọ sílé lọ fún ẹja tirẹ̀ ní oúnjẹ. Mo jókòó ti rọ́bà náà.

Aago 12:50 ọ̀sán

Oòrùn ti dé. Mo ti to korobá mẹ́ta síta láti àárọ̀ kí omi kànga lè gba ooru, nítorí bí omi tútù bá tún dé bá wọn, a ò ní mọ èyí tó pa wọ́n. Mo fi tẹmómítà wò ó: 26. Táńkì ti dé 24. Mo fi omi díẹ̀ là á kí wọ́n lè dọ́gba, mo fa lítà 20 jáde nínú táńkì, mo tún jẹ́ kí lítà 20 máa ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí èyí bá parí, a ti dé 6 àti díẹ̀.

Olójú pupa kejì kú ní nǹkan bí aago kan. Mo mú un jáde. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n.

Mo ń ro ọ̀nà tí omi ń gbà nílẹ̀ wa bí mo ṣe jókòó. Omi Ọ̀tìn tó ń ṣàn ní agbègbè tiwa yìí, inú Ọ̀ṣun ló ń bá ara rẹ̀ níkẹyìn. Ọ̀ṣun gba Òṣogbo kọjá, ìlú tí oyè ọba rẹ̀ ti ara ẹja wá: Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Wọ́n ní ẹja ńlá kan ni odò fi jíṣẹ́ fún ọba àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó ń dẹdò nínú igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi sí ara àwọn ogún ayé ní 2005, títí di òní. Láti ibẹ̀, omi náà ń lọ sí gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́, ó sì ń bá ọ̀sà lọ sí Èkó, níbi tí òkun ti ń wọlé. Nígbà òjò, omi odò á pọ̀ débi pé ọ̀sà Èkó á fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tí kò níyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á ti iyọ̀ wọ̀ ọ́, iyọ̀ náà lè ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Epìyà inú ọ̀sà náà kì í kú, ọ̀bọ̀kún náà kì í kú. Ní odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gà, epìyà irú ti ọ̀sà yẹn ń gbé nínú omi tó níyọ̀ ju òkun lọ.

Ohun tó mú un rọrùn fún wọn ni pé kì í ṣe òjijì. Oṣù bíi mélòó kan ni òkun fi ń wọlé, oṣù mélòó kan ni odò fi ń lé e padà, ẹja tí kò bá sì fẹ́ ẹ, ó lè gòkè odò lọ. Kò sí ibi tí olójú pupa inú gíláàsì lè gòkè lọ.

Aago 3:45

Iná dé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀. Lítà 20 jáde, lítà 20 wọlé: 5 àti díẹ̀. Mo gé gbogbo ewéko tó ti jẹrà, mo fà wọ́n jáde kí wọ́n má baà ba omi jẹ́ sí i. N kò fún wọn lóńjẹ, nítorí kòkòrò rere tó ń sọ ìgbẹ́ ẹja di aláìléwu nínú omi, iyọ̀ ti lè da òun náà láàmú.

Aago 6:40 ìrọ̀lẹ́

Bàbá padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Lítà 20 tó gbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. “Ẹ wo yèyé!” ó ní. Kribensis abo ti yọ orí lábẹ́ àpáàdì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jáde tán pátápátá, ikùn rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, àmọ́ ó lọ sí iwájú, ó bu òkúta wẹ́wẹ́ kan sẹ́nu, ó tu ú dànù, bó ti máa ń ṣe bó bá ń tún ilé ṣe. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn olójú pupa 4 ti fi igun sílẹ̀, wọ́n wà ní àárín omi, wọ́n tò tẹ̀ léra.

Mo bi Bàbá pé ṣé kí n yọ iyọ̀ náà tán lálẹ́ yìí. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sùn. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Mo bi í bóyá kí n tún máa fi díẹ̀ sí i nígbà gbogbo, kí àmì funfun má baà padà. Èsì rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé bó ti sọ ọ́: “Ṣé ojoojúmọ́ ni ìwọ ń lo oògùn ibà?” Iyọ̀ jẹ́ oògùn fún ẹja odò, ó ní ìwọ̀n, ó ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó bá ń sin mólì nìkan lè fi iyọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá da oríṣiríṣi pọ̀ bí èmi, ẹja tí kò fẹ́ ẹ jù lọ ni kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Aago 9:30 alẹ́

Mo tún wọn omi táńkì lítà kan, mo gbé ìkòkò kan náà kaná. Òru ti ń tutù. Ọmọ mi obìnrin kò fẹ́ lọ sùn títí omi fi gbẹ. A gbé e lé òṣùwọ̀n ìyá oníbúrẹ́dì: 316. Gíráàmù 4 nínú lítà kan.

Mo ge bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Iye iyọ̀ tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ ni mo kọ sí i. Mo fi báírò fa ìlà sára gíláàsì níbi tí omi dé bó bá kún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì, mo bẹ̀ yín, ẹ fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bí omi bá fi ìlà náà sílẹ̀, omi lásán ni kí ẹ fi dí i. Iyọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ fa omi oníyọ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ ju ti iye omi tí ẹ fà jáde lọ. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú rẹ̀ kò jìnnà sí gíráàmù 6. Ìkúnwọ́ kì í ṣe ìwọ̀n.

Mo kó iyọ̀ tó kù nínú ọ̀rá lọ sí ilé ìdáná. Ẹja 13 ló wà láàyè nígbà tí mo paná: mólì 7, kribensis 2, olójú pupa 4.